Bàálù ogun tó ń fò lórí igi: ohun tó wà nínú ẹ̀kọ́ náà, àti ibi tó ti kan ará Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ojú ọ̀run tó ga ni wọ́n ń wí. Bí ẹyẹ bá sọ̀ kalẹ̀ débi tí òpó iná, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èéfín oko àti orí ìrókò wà, àyè ibẹ̀ há. Inú àyè tó há yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn awakọ̀ bàálù ogun ní fífò ìsàlẹ̀, ẹ̀kọ́ tó dùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn jù lọ, tí kò sì gbójú fo àṣìṣe rárá.

Ọ̀rọ̀ náà ti sún mọ́ wa. Pápákọ̀ òfurufú Gateway ti wà láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn, níbi tó jẹ́ pé oko ló wà tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù December 2025, nígbà tí àwọn sójà kan gbìyànjú láti gbàjọba ní Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà rán bàálù ogun lọ ran ìjọba ibẹ̀ lọ́wọ́. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí èèyàn gbójú sókè, kí ó sì béèrè: kí ló dé tí bàálù ogun fi ń rà bàbà lórí òrùlé? Ṣé awakọ̀ rẹ̀ ń fi wá ṣeré ni? Kí ló lè gbé e ṣubú?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn bó ṣe sún mọ́lẹ̀ tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàálù ogun tó bá wà nísàlẹ̀ 2,000 ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n kà sí èyí tó ń fò ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n 250 ẹsẹ̀ bàtà ni àwọn jẹ́ẹ̀tì wọn sábà máa ń dé nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Mítà 76 nìyẹn. Ní àwọn àdúgbò kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀, pẹ̀lú àṣẹ pàtàkì, wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀ dé 100 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn mítà 30. Ìrókò tó bá gbó dáadáa nínú igbó wa lè ga ju mítà 40 lọ. Ẹni tó bá ń fò ní mítà 30 lórí igbó Ìjẹ̀bú, àárín igi ló wà. Ní Jámánì, ariwo bàálù sú àwọn ará ìlú débi pé ní 1990, wọ́n gbé ìwọ̀n tiwọn sókè sí 1,000 ẹsẹ̀ bàtà.

Rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá bàálù lójú ọ̀run, ló fà á tí wọ́n fi ń sún mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìtànṣán rédà kì í tẹ̀ tẹ̀lé ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ayé sì rí róbótó. Rédà tí ojú rẹ̀ ga ní mítà 20 lè rí bàálù tó wà ní mítà 3,000 láti nǹkan bí kìlómítà 240. Bí bàálù náà bá sọ̀ kalẹ̀ sí mítà 76, rédà yẹn kò ní rí i títí tó fi ku bíi kìlómítà 54. Ní mítà 30, ó di 41, ìyẹn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bí òkè tàbí igbó bá wà láàárín, ó tún dín kù sí i. Ẹni tó ń ṣọ́ rédà náà á wá ní ìṣẹ́jú mẹ́ta péré láti jí, láti pinnu, àti láti yìnbọn.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní òru 16 mọ́jú 17 oṣù May 1943, bàálù Lancaster 19 gbéra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ fọ́ àwọn ìdídò odò ní Jámánì. Wọ́n gba ìsàlẹ̀ lọ kí rédà má baà rí wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wà ní 60 ẹsẹ̀ bàtà gééré lórí omi kí wọ́n tó ju bọ́ǹbù. Iná méjì ni wọ́n so mọ́ abẹ́ bàálù, tí wọ́n dorí wọn kọra: bí ìmọ́lẹ̀ méjèèjì bá pàdé lórí omi, wọ́n ti dé 60 ẹsẹ̀ bàtà nìyẹn. Bàálù 8 nínú 19 kò padà wálé. Èèyàn 53 kú nínú 133. Kì í ṣe ìbọn nìkan ló ṣe é. Wáyà iná gíga pa nínú wọn, bàálù mìíràn sì fi abẹ́ gbá omi òkun débi tí bọ́ǹbù rẹ̀ já bọ́. Ní 1991, nígbà ogun Gulf, àwọn jẹ́ẹ̀tì Tornado ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gòkè. Láti 2022, ogun Ukraine ti tún dá àwọn jẹ́ẹ̀tì àti hẹlikópítà padà sórí igi, nítorí ohun ìjà tí ń lé bàálù lókè kò jẹ́ kí wọ́n ráyè níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ náà kò fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Ìṣẹ́jú àáyá ni gbogbo rẹ̀

Eré tí jẹ́ẹ̀tì sábà máa ń sá nínú ẹ̀kọ́ yìí ni 420 nọ́ọ̀tì, ìyẹn máìlì ojú omi 420 ní wákàtí kan. Kì í ṣe pé wọ́n kàn mú nọ́ńbà náà. Ó jẹ́ máìlì ojú omi 7 géérégé ní ìṣẹ́jú kan, kí ìṣirò lè rọrùn fún ẹni tí kò ráyè ṣírò. Bí wọ́n bá ń sá 360, ó di 6. Bí ó bá jẹ́ 480, ó di 8. Sí tiwa, 420 nọ́ọ̀tì jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 780 ní wákàtí kan, mítà 216 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹyẹ bá ṣe ń fò tààrà, láti Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde tó kìlómítà 30. Bàálù yìí á kọjá rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 20.

Ẹ wo ohun tí àṣìṣe kékeré ń ṣe níbẹ̀. Bí imú bàálù bá tẹ̀ sílẹ̀ ní dígírì 1 péré, ojú kò ní tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n ní eré yẹn, bàálù náà ń sọ̀ kalẹ̀ ní mítà mẹ́ta àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mítà 76 á tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20. Bí ó bá tẹ̀ ní dígírì 5, ìṣẹ́jú àáyá 4 ni. Àkókò tí èèyàn fi ń yí rédíò sí ìkànnì mìíràn, tó fi wo epo, tó tún wo máàpù, ó ju ìṣẹ́jú àáyá 4 lọ.

Títẹ̀ láti yà ló tún burú jù. Bí bàálù bá fi apá kan lélẹ̀ ní dígírì 60 tí kò sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fa agbára ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀; ohun tí wọ́n ń pè ní 2G nìyẹn. Bí ọwọ́ bá yọ̀ tó fi di dígírì 70, tí awakọ̀ sì ń fa 2G yẹn lọ, agbára tó ń gbé e dúró kò tó ìwọ̀n ara rẹ̀ mọ́. Ó ti ń já bọ́, kò sì sí ohun tó máa mì í kó lè mọ̀. Láti mítà 76, ìṣẹ́jú àáyá 7 ló kù. Láti mítà 30, kò ju 4 àti díẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ àkókò yẹn gan-an ló bojú wẹ̀yìn láti wo ìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń fò, ẹ ti mọ ìyókù. Ọ̀pọ̀ ìjàǹbá tí wọ́n ń sọ pé “kò sí ohun tó ṣe bàálù náà” ló jẹ́ irú èyí: ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, apá pé, epo wà, awakọ̀ kàn wo ibòmíràn.

Nítorí náà, kì í ṣe ìgboyà ni olùkọ́ ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ètò ojú ló ń kọ́ ọ. Ilẹ̀ ni ojú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò, ilẹ̀ náà ló tún gbọ́dọ̀ padà sí. Bí apá méjèèjì bá dọ́gba, tí iwájú sì tẹ́jú, o lè wo inú bàálù fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí o tún gbójú sókè. Bí o bá ń yà, má wo inú bàálù rárá. Kí o tó yà, wo ibi tí ò ń lọ. Tẹ apá lélẹ̀ tán kí o tó fà. Bí o ti ń fà, máa wo bí imú ṣe wà sí ìlà tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀. Bí ohunkóhun bá rú ọ lójú, ì báà ṣe ọ̀nà, ẹyẹ, ìkùukùu tàbí iná pupa nínú bàálù, ohun kan ṣoṣo ni kí o ṣe: mú apá dọ́gba, fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo agbára, gòkè. Ẹ̀yìn ìgbà tí o bá dókè ni kí o máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ibi tí wọ́n ń gòkè dé ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Wọ́n á fa ìlà ọ̀nà lórí máàpù, wọ́n á wá ohun tó ga jù nítòsí ìlà náà, ì báà jẹ́ òkè tàbí òpó, wọ́n á sì fi 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lé e. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa kọ gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Wọ́n á yí róbótó sí gbogbo òpó, wáyà, ilé ìwòsàn àti oko adìẹ tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹra fún. Wọ́n á ṣírò epo tó gbọ́dọ̀ kù kí wọ́n tó yíjú padà. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ ní 250 ẹsẹ̀ bàtà: ó kọ́kọ́ ń fò ní 1,000, lẹ́yìn náà 500, pẹ̀lú olùkọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ kan wà nínú bàálù tó ń fi ìgbì rédíò wọn bí ilẹ̀ ṣe jìnnà sí i. Wọ́n á yí i kó lè ké bí bàálù bá rẹ̀ sísàlẹ̀ ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn ń wò, kò mọ ohun tó ń bọ̀ níwájú. Láti 2014, àwọn jẹ́ẹ̀tì F-16 Amẹ́ríkà ti ní ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ fa bàálù sókè bí awakọ̀ bá fẹ́ kọ lu ilẹ̀, ó sì ti gba ẹ̀mí àwọn awakọ̀ là.

Mímọ ọ̀nà nísàlẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Aago ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà máàpù, lẹ́yìn náà ilẹ̀. Bí aago bá ní ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, máàpù ló máa sọ ohun tó yẹ kí o rí, ojú á wá lọ wá a. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo ilẹ̀, tó wá ń wá ibi tó jọ ọ́ lórí máàpù, á rí ohun tó fẹ́ rí. Lágbègbè wa, ohun tó ṣeé fi mọ̀nà ni títì Èkó sí Ìbàdàn, títì Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀, iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ṣágámù, àti etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Erédò Sùǹgbọ́, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160, tí jíjìn rẹ̀ tó mítà 20 láwọn ibì kan, kò ṣeé fi mọ nǹkan kan láti òkè. Igbó ti bò ó.

Adùn tó ń tan ojú jẹ

Kò yẹ ká sẹ́ pé ó dùn. Lókè réré, kìlómítà 780 ní wákàtí dà bí ìgbà tí nǹkan dúró sójú kan. Nísàlẹ̀, igi ń sá kọjá lápá ọ̀tún àti òsì bí omi, òjìji bàálù ń sá tẹ̀lé e lórí ewéko. Bí ó bá fa 4G láti yà, orí àti akoto tó wúwo tó kìlò mẹ́fà á di mẹ́rìnlélógún lórí ọrùn, ṣòkòtò awakọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń kún inú rẹ̀ á fún itan àti ikùn pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya kúrò lórí. Àwọn tí kì í fò gan-an ń wá a wò: ní Wales, àwọn ayàwòrán máa ń dúró lórí òkè Mach Loop kí wọ́n lè yà bàálù tó ń kọjá nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn.

Adùn yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ ibi. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ojú á ti mọ́ 250 ẹsẹ̀ bàtà lára, á wá dà bí ibi gíga. Láì mọ̀ọ́mọ̀, ọwọ́ á máa tì í sísàlẹ̀ kí adùn náà lè padà. Àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ ń ṣọ́ èyí ju ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ẹ̀rù lọ, òótọ́ ni wọ́n sì ń ṣe, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń gòkè fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù July 2019, jẹ́ẹ̀tì ogun F/A-18 kan kọ lu ògiri àfonífojì kan ní Death Valley ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń wá wòran. Awakọ̀ náà kú, àwọn òǹwòran méje sì fara pa.

Wáyà ni ọ̀tá tí kò ṣeé rí. Wáyà iná gíga, bó ti wù kó nípọn tó, ojú kò lè rí i tẹ́lẹ̀ ní eré yẹn, pàápàá bí igbó bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Òpó ni wọ́n ń kọ́ awakọ̀ láti wá, kó sì gba orí òpó kọjá, kì í ṣe àárín òpó méjì, nítorí orí òpó ni ibi tó ga jù tó lè fojú rí. Ìlà iná gíga 132 kV tó so Ṣágámù mọ́ Ìjẹ̀bú-Òde wà lágbègbè wa, àwọn ìlà kéékèèké tó ń gba inú oko kọjá sì pọ̀ jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ hẹlikópítà ogun ní ọ̀bẹ irin méjì, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lábẹ́, fún gígé wáyà tó bá há a. Jẹ́ẹ̀tì kò ní in. Ìjàǹbá tó burú jù nípa èyí ṣẹlẹ̀ ní Cavalese ní Ítálì, ní ọjọ́ 3 oṣù February 1998. Bàálù EA-6B Amẹ́ríkà kan tó wà lẹ́nu ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fò rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n tí wọ́n fún un lọ dáadáa, ó gé okùn irin tó gbé ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ dúró lórí òkè. Gbogbo èèyàn 20 tó wà nínú ọkọ̀ náà kú. Bàálù náà padà dé ibùdó rẹ̀.

Ẹyẹ ló tẹ̀ lé e. Ẹyẹ tó wúwo tó kìlò kan, bí ó bá kọ lu bàálù ní mítà 216 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára tó wà nínú ìkọlù náà dọ́gba pẹ̀lú àpò sìmẹ́ǹtì 20 tó já lulẹ̀ láti ibi tó ga ju mítà méjì lọ. Àwòdì kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí kìlò kan. Igún jù ú lọ. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí a bá ń sun oko, àwòdì máa ń yí èéfín po láti gbé tata àti eku tó ń sá fún iná, èéfín náà sì ń bo ojú awakọ̀. Ohun méjì nìyẹn ní ojú kan náà. Ibi tí a ń da ìdọ̀tí sí ń pe igún, oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi katakata ro ń pe lékeléke, àdán sì ń gbéra nírọ̀lẹ́ lọ́pọ̀ yanturu.

Ọyẹ́ tún wà níbẹ̀. Láti December dé February, eruku lè dí ojú ọ̀run débi tí a kò ní rí ìlà tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀, ìlà yẹn gan-an ni awakọ̀ sì fi ń mọ̀ bóyá imú rẹ̀ ti tẹ̀. Lórí ọ̀sà tí kò mì, bíi ti Ẹ̀pẹ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kò sí igi, kò sí ilé tí ojú máa fi wọn gíga. Omi á dà bíi pé ó jìnnà.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú nísàlẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni kí wọ́n pààrọ̀ eré fún gíga: kí wọ́n fà á sókè kíá, kó lè fún wọn láyè láti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i tàbí kí wọ́n fa àga tó ń ta èèyàn jáde. Àwọn àga tòde òní lè gba èèyàn là láti orí ilẹ̀ pàápàá, bí bàálù bá dọ́gba. Bí ó bá ń já bọ́ tàbí tó ti dojú dé, àga á ta á sí ọ̀nà ilẹ̀, párásúùtù kò sì ní ráyè ṣí. Ìpinnu tó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ń pa èèyàn ju àga tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lọ.

Ibi tí àwọn ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí jìnnà sí wa. Kàdúná ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bá a lọ ní Kánò lórí jẹ́ẹ̀tì ìkọ́ṣẹ́ L-39, Kainji sì ni ti Alpha Jet àti Super Tucano, èyí tí 12 rẹ̀ dé ní 2021. Alpha Jet ní ẹ́ńjìnnì méjì, Super Tucano ní ẹyọ kan, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré bí ẹyẹ bá wọlé. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ́ náà ṣe kò jẹ́ ohun àwàdà: ní ọjọ́ 18 oṣù July 2021, àwọn agbébọn yìnbọn lu Alpha Jet kan ní ààlà Zamfara àti Kàdúná, awakọ̀ rẹ̀, Flight Lieutenant Abayomi Dairo, ta ara rẹ̀ jáde, ó sì sá mọ́ wọn lọ́wọ́ títí tó fi délé.

Ohun tó wà lọ́wọ́ àwa tí a wà nílẹ̀

Ilẹ̀ tí awakọ̀ ń wò yẹn, àwa la ń kọ́ nǹkan lé e lórí. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ga gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ pupa àti funfun, kí iná pupa orí rẹ̀ sì máa tàn lóru. Bí iná òpó àdúgbò yín bá kú, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára ọgbà rẹ̀, kí ẹ pe iléeṣẹ́ tó ni ín. Ẹni tó ń gbé nítòsí Ìpẹru àti Ìlíṣàn kò gbọ́dọ̀ da ìdọ̀tí sí ọ̀nà tí bàálù ń gbà balẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé dúróònù sókè níbẹ̀ láì gba àṣẹ. Ká má tan iná léésà sójú bàálù lóru, ojú awakọ̀ lè fọ́ fún àwọn ìṣẹ́jú àáyá tí kò ní.

Àwọn tó ń sin adìẹ ló ń jìyà ariwo náà jù. Jẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ tààrà ní eré yẹn ń tẹ̀ lé ìró ara rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí: bí ó bá wà ní kìlómítà méjì, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àti ààbọ̀ péré ló wà láàárín ìgbà tí ìró dé àti ìgbà tí bàálù dé. Adìẹ á ya lu igun kan, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á sì kú fún ìfúnpa. Ẹ fi pákó tàbí nẹ́ẹ̀tì gé igun ilé adìẹ kó lè rí róbótó, ẹ pín in sí yàrá kéékèèké, kí wọ́n má baà lè kó jọ pọ̀ jù. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi tí bàálù ti wá àti ibi tó dorí kọ, iye ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí ẹ bá rí i, àti iye adìẹ tó kú, kí ẹ ya fọ́tò wọn kí ẹ tó kó wọn dànù.

Bí bàálù bá sì já ní oko, ẹ má sáré lọ bá a. Ẹ dúró lókèèrè, ní apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, nítorí èéfín ara bàálù tòde òní léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, ọta sì lè wà nínú rẹ̀. Bí awakọ̀ bá ṣì wà lórí àga, ẹ má fọwọ́ kan ọwọ́ ìfà tó ní ilà yẹ́lò àti dúdú, ohun ìbúgbàù ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú párásúùtù, ẹ má gbé e dìde, ẹ má sì bọ́ akoto rẹ̀: àga tó ta á jáde lè ti ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ léṣe. Ẹ pe 112, ẹ dúró tì í, kí ẹ ta aṣọ párásúùtù rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja níbi tó hàn, kí hẹlikópítà tó ń wá a lè rí i.